Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ìwọ̀n CT Alágbára Méjì Péye Lára Aláìsàn Kékeré àti Ńlá

Nọ́ńbà tó bá ti jáde lójú kọ̀ǹpútà máa ń dà bí òótọ́ pọ́nbélé. Dókítà fa àmì róbótó sórí kókó kan nínú kíndìnrín lórí àwòrán CT alágbára méjì, ìyẹn CT tí a fi ìtànṣán X-ray oríṣi agbára méjì yà. Ẹ̀rọ sọ pé áyódìn inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tí a fún aláìsàn kí àwòrán lè hàn dáadáa, jẹ́ 0.8 mg/mL, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó tín-ín-rín ló ni kíndìnrín náà, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí ìbú ikùn rẹ̀ ju 40 cm lọ, 0.8 yẹn lè jẹ́ 1.2 ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò sí áyódìn kankan níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ kan náà ni, ètò ìyàwòrán kan náà, ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀yin rédíógíráfà, ẹ̀yin onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo kọ èyí fún. Mo fẹ́ kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n, kí ẹ mọ bí ẹ̀rọ tó wà níwájú yín ṣe ń yà kúrò lójú òtítọ́ bí ara aláìsàn bá ṣe ń tóbi sí i. Ẹ̀rọ méjì tó jọra kì í yà bákan náà, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹlòmíràn rí níbòmíràn kò lè dúró fún ti yín.

Kí ló dé tí ara ńlá fi ń da ìwọ̀n rú?

Ọgbọ́n tó wà nídìí CT alágbára méjì ti pẹ́. Nígbà tí Godfrey Hounsfield kọ̀wé nípa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dún 1973, ó ti sọ níbẹ̀ pé bí a bá ya ègé ara kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú 100 kV (ìwọ̀n iná tí a fi sí túùbù X-ray), lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú 140 kV, a lè fi ìyàtọ̀ àárín wọn dá àwọn ohun tí átọ̀mù wọn wúwo mọ̀. Alvarez àti Macovski gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1976.

Ohun tí ìṣirò náà gbára lé nìyí. Bí ìtànṣán X-ray bá wọ ara, ọ̀nà méjì pàtàkì ló fi ń dínkù: átọ̀mù lè gbé e mì pátápátá, tàbí kó ta á sí ẹ̀gbẹ́. Gbígbé mì yẹn máa ń pọ̀ gan-an níbi tí átọ̀mù bá ti wúwo tí agbára ìtànṣán sì kéré. Áyódìn, tí ìpele agbára K rẹ̀ (ibi tí gbígbé mì rẹ̀ ti ń fò sókè lójijì) wà ní 33.2 keV (keV ni ìwọ̀n agbára ẹyọ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan), ń gbé ìtànṣán 80 kV mì ju ti 140 kV lọ fíìfíì. Ìyàtọ̀ yẹn kéré gan-an nínú omi àti ẹran ara. Kọ̀ǹpútà fi àwòrán méjèèjì wé ara wọn, ó sì sọ iye áyódìn tó wà níbẹ̀.

Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ohunkóhun tó bá ba ọ̀kan nínú ìtànṣán méjèèjì jẹ́ ju èkejì lọ á di áyódìn èké lójú kọ̀ǹpútà, tàbí kó jẹ áyódìn tòótọ́ run. Ìtóbi ara ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi 50 keV dúró fún ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kéré, ká fi 80 keV dúró fún èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀. Bí omi bá nípọn tó 20 cm, fótọ̀nù (ẹyọ ìtànṣán) kan nínú nǹkan bí 93 ló ń là á já ní 50 keV. Ní 80 keV, ọ̀kan nínú 39 ni. Èyí tó lágbára fi nǹkan bí ìlọ́po 2.4 pọ̀ ju èyí tí kò lágbára lọ. Ẹ wá sọ omi náà di 40 cm: ọ̀kan nínú nǹkan bí 8,700 ló ń là á já ní 50 keV, ọ̀kan nínú 1,550 ní 80 keV. Ìlọ́po 2.4 ti di 5.6. Ara ńlá ń dín gbogbo ìtànṣán kù, àmọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kéré ló ń jìyà jù, òun gan-an ló sì ń gbé ìròyìn nípa áyódìn wá.

Ibi tí ìyẹn já sí pọ̀. Fótọ̀nù tí kò lágbára ń kú sójú ọ̀nà, èyí tó jáde lódì kejì sì jẹ́ kìkì alágbára; ìtànṣán náà ti le ju bó ṣe wà nígbà tó wọlé lọ. Sọ́fítíwíà máa ń ṣàtúnṣe sí líle yìí, àmọ́ ó ń fojú inú wo ìtóbi kan pàtó nígbà tó bá ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni ìtànṣán tó fọ́n ká. Bí ara bá ṣe nípọn tó ni ìtànṣán afọ́nká ṣe ń pọ̀ tó, tí ojúlówó sì ń dínkù, débi pé lára aláìsàn ńlá, apá kan tó nípọn nínú ohun tí detector (apá ẹ̀rọ tó ń gba ìtànṣán) ń gbà lè jẹ́ ìtànṣán tó ṣìnà. Nínú ẹ̀rọ onítúùbù méjì, ìtànṣán túùbù kan tún lè fọ́n sínú detector èkejì. Ní ìkẹyìn, bí fótọ̀nù tó dé bá ti kéré jọjọ, ariwo iná mànàmáná inú detector fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dọ́gba. Ariwo ni mo ń pe wínníwínní tó máa ń bo àwòrán. Níbi tí fótọ̀nù ti wọ́n báyìí, ariwo kì í kàn mú nọ́ńbà mì, ó lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí ń wá: nọ́ńbà tó ń mì yàtọ̀ sí nọ́ńbà tó ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Èyí tó ń mì, a lè fi dóòsì (iye ìtànṣán tí a lò) tàbí àtúnwọ̀n tún un ṣe. Èyí tó ti ṣí, bí a bá wọ̀n ọ́n nígbà ọgọ́rùn-ún, irọ́ kan náà ló máa pa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rọ yín ṣe ń rí agbára méjì. Túùbù méjì ni, tàbí túùbù kan tó ń yára pààrọ̀ láàárín 80 àti 140 kV? Ṣé detector alápá méjì ni, tí apá òkè ń gba ìtànṣán tí kò lágbára, tí ti ìsàlẹ̀ ń gba alágbára? Ṣé asẹ́ ló pín ìtànṣán kan sí méjì, tàbí detector tó ń ka fótọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ẹni tó ní ẹ̀rọ onítúùbù méjì ní ohun méjì láti ṣọ́ra fún. Detector kejì kì í fẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 33 sí 36 cm lọ. Ara tó bá yọ síta kọjá ibẹ̀ kò ní ìwọ̀n alágbára méjì rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é fojú rò. Èkejì ni pé irú ẹ̀rọ yìí máa ń jẹ́ kí a yan kV: 80 pẹ̀lú 140 tó ní asẹ́ tin fún ara kékeré, 100 pẹ̀lú 140 tó ní asẹ́ tin fún ara ńlá. Àyípadà yẹn dára, torí 100 kV máa ń rí ọ̀nà jáde lára ẹni tó tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo àárín agbára méjèèjì dínkù. Àmọ́ bí ẹ bá wọn ara kékeré pẹ̀lú 80, tí ẹ wọn ara ńlá pẹ̀lú 100, ohun méjì ni ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wọn ìtóbi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kV méjèèjì, kódà bí ọ̀kan nínú wọn kò bá jẹ́ èyí tí ẹ ń lò fún aláìsàn.

Detector tó ń ka fótọ̀nù kò ní ìṣòro ariwo iná mànàmáná yẹn, àmọ́ líle ìtànṣán àti afọ́nká ṣì wà níbẹ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni nínú ìdánwò yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pèsè phantom

Phantom ni ohun tí a ṣe láti dúró nípò ara aláìsàn. Èyí tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tó ní àárín róbótó, bí 20 cm, tí a lè ki bọ inú òrùka ńlá tó tó 40 cm ní ìbú àti 30 cm ní gíga. Ẹwà rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀pá áyódìn kan náà ló wà nínú kékeré àti nínú ńlá, ní ipò kan náà. Bí nọ́ńbà bá yí padà, ara tó yí ọ̀pá náà ká ló yí i padà.

Tí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ẹ lè ṣe tiyín. Ẹ wá ike onídèérí mẹ́ta tó ń gba omi láìjò, tí ìbú wọn tó nǹkan bí 20, 30 àti 40 cm, pẹ̀lú àwọn ike gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú ẹnu wọn tó 2.5 cm. Ẹ fi nylon bo ibùsùn ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé omi dé ibẹ̀. Omi tó bá jò sínú gantry (òrùka ńlá ẹ̀rọ tí ibùsùn ń wọ̀) ń ba ohun olówó iyebíye jẹ́.

Pípo áyódìn rọrùn bí a bá ṣe é létòlétò. Ká ní èyí tí a ń fún aláìsàn tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ 300 mg/mL. Ẹ fa 5 mL nínú rẹ̀, ẹ da á sínú 295 mL omi: 5 mg/mL nìyẹn. Nínú èyí tí ẹ pò yìí, 40 mL pẹ̀lú 60 mL omi á di 2 mg/mL. 20 mL pẹ̀lú 80 á di 1. 10 mL pẹ̀lú 90 á di 0.5. Fún 10 mg/mL, ẹ da 5 mL áyódìn àkọ́kọ́ sínú 145 mL omi. Ẹ má fa 1 mL kí ẹ wá fi gbogbo iṣẹ́ lé e lórí. Àṣìṣe kékeré nínú abẹ́rẹ́ fàmífàmí máa di ńlá. Ẹ ní ike kan tó jẹ́ omi lásán, kì í ṣe pé ẹ lè fò ó. Òun ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí yín nígbà tí a bá dé ibi ìṣirò.

Áyódìn wúwo ju omi lọ, ó sì máa ń rì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mi ò yí i pò tó: nígbà tí mo dùbúlẹ̀ ike náà sínú ẹ̀rọ, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju apá òkè lọ, odindi ọ̀sán kan ni mo sì fi ń wá ẹ̀bi náà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ yí i pò dáadáa, ẹ tún yí i pò kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Omi tí a sè tó sì ti tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tó ń hó mọ́ ara ike.

Ẹ má to àwọn tí áyódìn wọn pọ̀ sún mọ́ ara wọn; ìlà dúdú máa ń là láàárín wọn. Ẹ fi ọ̀kan tó kéré, bí 1 tàbí 2 mg/mL, sí àárín gbùngbùn, kí ẹ fi irú rẹ̀ kan náà sí etí. Àárín ara ńlá ni ìtànṣán ti máa ń wọ́n jù, ẹni tó bá wọn etí nìkan á rí ẹ̀rọ tó péye ju bó ṣe rí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi omi wọn ìtóbi, ẹ má fi kílò wọ̀n ọ́n

Kílò kò sọ púpọ̀ fún ẹ̀rọ CT. Ẹni gíga àti ẹni kúkúrú lè jẹ́ 80 kílò bákan náà, kí ikùn wọn má sì jọra rárá. Ohun tó kan ìtànṣán ni iye ohun tó dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ AAPM, àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fi gbé ìwọ̀n ìbú tó bá omi dọ́gba kalẹ̀ nínú ìròyìn TG 220 lọ́dún 2014. Ẹ fa ìlà yí gbogbo ara ká lórí ègé àwòrán kan, ẹ gba àpapọ̀ ààyè rẹ̀ ní cm² àti àárín HU rẹ̀ (HU ni nọ́ńbà tí CT fi ń sọ bí nǹkan ṣe ń dí ìtànṣán lọ́nà tó; ti omi jẹ́ 0). Ẹ pín HU náà sí 1,000, ẹ fi 1 kún un, ẹ fi ààyè náà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 3.14, ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po méjì rẹ̀, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀.

Òrùka 40 × 30 cm tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ ohun tó dà bí omi ni, máa fún yín ní 34.6 cm. Ẹ wo àyà ẹni kan tí ààyè rẹ̀ jẹ́ 900 cm², tí àárín HU rẹ̀ jẹ́ −250 nítorí ẹ̀dọ̀fóró: ìbú rẹ̀ lójú jẹ́ 33.9 cm, àmọ́ lójú ìtànṣán, 29.3 cm péré ni. Bí a kò bá ṣe ìṣirò yìí, a ó máa bá àyà lò bí ẹni pé ikùn ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé e sí àárín gan-an

Asẹ́ kan wà lẹ́nu túùbù tó ń mú ìtànṣán bá ìrísí ara mu: ó tín-ín-rín láàárín, ó nípọn létí. Ìṣirò rẹ̀ ni pé ara wà ní àárín gantry. Bí phantom bá wà ní 3 tàbí 4 cm nísàlẹ̀ àárín, apá tó nípọn ara á bọ́ sábẹ́ apá asẹ́ tí kò tọ́ sí i. Ẹ lo iná lésà, ẹ ya àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sún ibùsùn títí á fi wà láàárín. Phantom kékeré àti ńlá kì í nílò gíga ibùsùn kan náà; ẹ tún un ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ya á ní ìpele méjì

Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ pa ètò tó ń fi dóòsì kún un fúnra rẹ̀. Ẹ fi CTDIvol (nọ́ńbà dóòsì tí ẹ̀rọ ń fi hàn) kan náà ya gbogbo ìtóbi. Èyí máa fi ohun tí ìtóbi nìkan ń ṣe hàn yín. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà CTDIvol tó wà lójú ẹ̀rọ jẹ́ ti phantom 16 cm tàbí ti 32 cm. Èyí tó jẹ́ ti 16 máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti 32 fún ìtànṣán kan náà, ètò orí tàbí ti ọmọdé sì lè yí i padà láìsọ fún yín.

Ní ìpele kejì, ẹ dá ètò aládàáṣe náà padà, kí ẹ ya gbogbo wọn bí ẹ ṣe ń ya aláìsàn gan-an. Ìpele yìí ni yóò sọ ohun tí aláìsàn yín ń rí gbà.

Ẹ ya ìtóbi kọ̀ọ̀kan nígbà márùn-ún ó kéré tán. Mẹ́wàá dára jù. Láàárín díẹ̀ nínú wọn, ẹ gbé phantom sọ̀kalẹ̀ pátápátá kí ẹ tún un gbé kalẹ̀, torí àṣìṣe ọwọ́ wa náà jẹ́ apá kan ìwọ̀n. Sísanra ègé àwòrán àti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà ń tún àwòrán kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka nọ́ńbà

Ẹ fa àmì róbótó tó gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú ọ̀pá náà, kó má kan etí. Ẹ ṣe é lórí ègé márùn-ún ó kéré tán láàárín phantom, kí ẹ yẹra fún àwọn ègé tó sún mọ́ ìparí rẹ̀. Ẹ daakọ àmì náà láti àwòrán kan sí èkejì dípò kí ẹ máa fa tuntun.

Ẹ gba ohun mẹ́ta lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan: iye áyódìn ní mg/mL, HU lórí àwòrán alágbára kan ṣoṣo (èyí tí kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹni pé ìtànṣán agbára kan péré ni a lò) ní 40, 50 àti 80 keV, àti HU omi ní gbogbo àwọn keV yẹn.

Ti omi yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìdánwò, torí kò gba áyódìn, kò gba owó. Omi gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 HU ní 40 keV, ní 50, ní 80, nínú ara kékeré àti nínú ara ńlá. Tó bá jẹ́ 0 ní 20 cm, tó wá di 12 ní 40 keV nínú 40 cm, tó sì wálẹ̀ bí keV bá ṣe ń gòkè, àtúnṣe líle ìtànṣán tàbí ti afọ́nká kò tó ní ìtóbi yẹn. Bí ọwọ́ yín bá dí gan-an, ẹ ṣe èyí nìkan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi wé òtítọ́

Ohun tí áyódìn yẹ kó jẹ́ ní HU ṣe é ṣírò láti inú tábìlì NIST, àjọ ìwọ̀n ti ìjọba Amẹ́ríkà, kò dìgbà tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Mg/mL kan áyódìn nínú omi máa ń fi nǹkan bí 82 HU kún un ní 40 keV, 54 ní 50 keV, 37 ní 60 keV, 19 ní 80 keV, 11 ní 100 keV. Ọ̀pá 5 mg/mL yín yẹ kó wà ní àyíká 270 HU ní 50 keV. Nọ́ńbà yìí kò gbọ́dọ̀ mọ ìtóbi ara rárá; ìdí tí a fi ń ṣe àwòrán alágbára kan ṣoṣo nìyẹn.

Fún iye áyódìn, ẹ yọ òtítọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ wọ̀n, kí ẹ má sì yára sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ká ní ẹ rí 4.6 lórí ọ̀pá 5: ìyapa jẹ́ −0.4, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyapa 0.4 kan náà lórí ọ̀pá 0.5 jẹ́ ìdá ọgọ́rin. Ìdá ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pá ńlá á mú inú yín dùn, nígbà tó jẹ́ pé ibi kékeré yẹn gan-an ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pinnu bóyá kókó kan ń gba ẹ̀jẹ̀ sára tàbí kò gbà. Ẹ ya ìlà: òtítọ́ nísàlẹ̀, ohun tí ẹ wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà kan fún ìtóbi kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó dagun jù tàbí tó tẹ́ jù ń sọ pé ìyapa náà ń pọ̀ bí áyódìn bá ṣe ń pọ̀. Ìlà tó dagun dáadáa àmọ́ tí kò gba 0 kọjá ń sọ pé ẹ̀rọ ń rí áyódìn níbi tí kò sí.

Ó ku ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ: báwo ni áyódìn ṣe lè kéré tó kí ẹ̀rọ ṣì dá a mọ̀? Ike omi lásán ló ní ìdáhùn. Ẹ gba nọ́ńbà áyódìn rẹ̀ láti inú gbogbo àtúnyà, ẹ wá àárín wọn àti bí wọ́n ṣe fọ́n ká sí, ìyẹn SD wọn. SD àárín nọ́ńbà inú àmì róbótó láti àwòrán kan sí èkejì ni mo ní lọ́kàn o, kì í ṣe ti píksẹ́lì inú àwòrán kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣi méjèèjì mú. Ẹ sọ SD náà di púpọ̀ pẹ̀lú 1.645, ẹ fi kún àárín rẹ̀. Ẹ tún fi 1.645 sọ SD ọ̀pá tí áyódìn rẹ̀ kéré jù di púpọ̀, ẹ fi kún un. Bí àárín omi bá jẹ́ 0.1, tí SD méjèèjì sì jẹ́ 0.15, ìdáhùn jẹ́ nǹkan bí 0.6 mg/mL. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 0.6 ní ìtóbi yẹn, ẹ̀rọ yín kò lè búra pé áyódìn ni. Ẹ ṣe é fún ìtóbi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì múra sílẹ̀ láti rí nọ́ńbà ara ńlá tó ju ti kékeré lọ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ wá ẹni tó jẹ̀bi

Ẹ gbé phantom tó tóbi jù padà, ẹ fi dóòsì ìlọ́po mẹ́rin ya á. Ariwo máa dínkù sí ìdajì. Ẹ wá wo àárín nọ́ńbà. Bí ìyapa bá dúró síbi tó wà, líle ìtànṣán tàbí afọ́nká ló fà á, kò sí dóòsì tó máa wò ó sàn. Ẹ má fi ìtànṣán kún ti aláìsàn nítorí rẹ̀. Ẹ kàn sí onímọ̀-ẹ̀rọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà nípa àtúnṣe sọ́fítíwíà, tàbí kí ẹ dín fífẹ̀ ìtànṣán lẹ́nu túùbù kù bí ẹ̀rọ bá gbà, torí ìtànṣán tó fẹ̀ máa ń fọ́n ká jù. Bí ìyapa bá dínkù pẹ̀lú dóòsì, ebi fótọ̀nù ni. Níbẹ̀, kV ìsàlẹ̀ tó ga díẹ̀, túùbù tó yí lọ́ra, tàbí dóòsì tó pọ̀ díẹ̀ sí i fún ẹni ńlá lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di tábìlì kan ṣoṣo tó lè wà lára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń ka àwòrán: ìbú tó bá omi dọ́gba, kV tí a lò, ìyapa, àti áyódìn tó kéré jù tí a lè gbà gbọ́. Dókítà tó bá rí 0.8 mg/mL lára ẹni tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 38 cm á wo ìlà tirẹ̀, á sì mọ̀ bóyá 0.8 yẹn tó ohun tí a lè fi pinnu. Ìdíwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn kò tọ́ sí iṣẹ́ yìí.

Ara aláìsàn náà ní ike omi tirẹ̀. Ìtọ̀ inú àpò rẹ̀ kí áyódìn tó dé ibẹ̀, òróòro inú àpò rẹ̀, tàbí àpò omi lásán nínú kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, kò yẹ kí áyódìn wà nínú wọn. Ẹ fa àmì síbẹ̀ kí ẹ tó gba nọ́ńbà kókó gbọ́. Bí òróòro ẹni kan bá ń fi 0.7 mg/mL hàn, tí kò sì gba áyódìn ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ti rí iye irọ́ tó wà nínú àwòrán yẹn.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù ni ti àwọn tí a ń ya léraléra nítorí ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ẹni náà rù láàárín oṣù mẹ́ta, ìbú rẹ̀ lọ láti 36 sí 31 cm, ètò aládàáṣe sì yí kV padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Áyódìn inú kókó rẹ̀ yí padà pẹ̀lú 0.3. Ṣé oògùn ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ara tó rù? Ẹ fi kV kan náà ya á ní gbogbo ìgbà tó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ìbú rẹ̀ sínú ìwé àbájáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà áyódìn, ẹ sì fi áyódìn kókó wé ti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú àwòrán kan náà. Ìfiwéra yẹn máa ń yanjú apá kan nínú ìyapa tó ń bá àwọn méjèèjì, pàápàá bí wọ́n bá jìn sí etí ara bákan náà, ó sì tún ń mú ìyàtọ̀ nínú iye áyódìn tí wọ́n fún un kúrò. Kì í yanjú ìyapa tí kò gba 0 kọjá. Ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò.

Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe bí wọ́n bá pààrọ̀ túùbù, bí wọ́n bá gbé sọ́fítíwíà tuntun wọlé, tàbí bí ẹ bá yí ètò ìyàwòrán padà. Ti omi nìkan, nínú phantom kékeré àti ńlá, ẹ ṣe é lóṣooṣù. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ tọ́jú ike 5 mg/mL tí ẹ pò síbi tó tutù, kí ẹ dí i pa, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì po tuntun bí ó bá ti ń dínkù, torí omi tó bá gbẹ kúrò nínú rẹ̀ á sọ 5 di 5.5 láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.